Ṣé ilé tí mò ń tún ṣe ní Toronto máa di ilé òfìfo lójú òfin?

Ẹ̀yin ará wa tó nílé ní Toronto, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ayálégbé mi kó jáde lóṣù karùn-ún. Bí mo ṣe ṣí ìdí síǹkì, gbogbo pákó ti jẹrà, la bá tú ilé ìdáná palẹ̀. Káfíńtà ṣì ń fi mí ṣeré títí dòní. Owó orí ilé òfìfo wá ń já mi láyà: ilé tó bá wà láìsí olùgbé fún oṣù mẹ́fà lọ́dún ló ń mú. 1% ni ní 2022, ó di 3% láti 2024. Ilé tí wọ́n bá díye lé ní $500,000, $15,000 nìyẹn! Wọ́n máa ń yọ ilé tí wọ́n ń tún ṣe sílẹ̀, àmọ́ ṣé rìsíìtì àti fọ́tò tó, àbí dandan ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé?