Àmì ohùn kò jẹ́ kí ìwádìí WordPress rí àpilẹ̀kọ àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá WordPress. Ilé-Ifẹ̀ la wà, sáìtì ìtàn ìlú la ń bójú tó. Bí èèyàn bá wá "Ọ̀rànmíyàn" láti orí fóònù, àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ kì í jáde, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Ibi tó ti ń wá kò fara sin. Kò sí kóòdù Unicode (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà) ẹyọ kan fún Ọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ Ọ (U+1ECC), á wá fi àmì ohùn, U+0300, lé e. Òmíràn á tẹ Ò (U+00D2), á fi àmì kékeré, U+0323, sábẹ́ rẹ̀. LIKE (àṣẹ ìwádìí inú database) ni WordPress fi ń wá ọ̀rọ̀, ẹyọ-ẹyọ ló sì ń wo àwọn kóòdù náà.

Fún àpilẹ̀kọ tuntun, a ti so Normalizer::FORM_C (irinṣẹ́ PHP tó ń sọ ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan ṣoṣo) mọ́ wp_insert_post_data, ibi tí WordPress ti ń gba àpilẹ̀kọ kó tó fi í pamọ́. Ti ìwádìí, pre_get_posts, ibi tó ti ń ṣètò ìwádìí kó tó ṣe é, la so ó mọ́.

Àwọn tó ti wà nílẹ̀ gan-an ni wàhálà. Bí a bá fi wp_update_post tún wọn ṣe, á yí ọjọ́ àtúnṣe padà, á sì bí revision (ẹ̀dà àtijọ́ tí WordPress ń tọ́jú) rẹpẹtẹ. $wpdb->update, tó ń kọ tààrà sínú database, sàn, àmọ́ wp_postmeta (tábìlì àfikún ìsọfúnni àpilẹ̀kọ) ń bà wá lẹ́rù: serialized data (ìsọfúnni tí PHP dì pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan) máa ń kọ iye báìtì sílẹ̀, FORM_C sì lè yí iye náà padà. Bí a bá lo WP-CLI (irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún WordPress láti tẹ́mínà), tí a fi get_post_meta gba ìsọfúnni náà jáde, tí a tún un ṣe, tí a fi update_post_meta dá a padà (pẹ̀lú wp_slash o, kí àmì \ inú rẹ̀ má baà sọnù), ṣé ó tó? Slug (orúkọ àpilẹ̀kọ nínú línkì rẹ̀) ńkọ́, ṣé ká má fọwọ́ kàn án, kí línkì àtijọ́ má baà kú?