Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yá ọ̀bẹ àpò mi, ó dá a padà ní bíbàjẹ́: báwo ni kí n ṣe bá a sọ ọ́?

Olùbéèrè (Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé bí mo bá ń dá a rò, inú á máa bí mi, bí inú bá sì bí mi tán, ó ṣeé ṣe kí n sọ ohun tí n kò ní lè kó padà mọ́.

Mo ń hu ọ̀gbìn ọsàn àti máńgòrò tà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé a máa ń kọ́kọ́ hu irú lẹ́mọ́ọ̀nù tí èèpo rẹ̀ rí gbágungbàgun, bí ó bá sì ti sanra tó pẹ́ńsùlù, a ó la èèpo ara rẹ̀ bíi lẹ́tà T, a ó ki ojú ẹ̀ka (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti máa ń rú) tí a gé lára ọsàn dídùn bọ̀ ọ́, a ó sì fi ọ̀rá dì í pinpin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀bẹ tí mo fi ń ṣe é jẹ́ ọ̀bẹ àpò tó ṣeé ká, Tina ni wọ́n ń pè é, ìlú Reutlingen ní Jámánì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, òun náà sì ti lò ó títí tí igi èèkù rẹ̀ fi ń dán níbi tí àtàǹpàkò máa ń gbé dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti pọ́n ọn. Ẹ̀gbẹ́ kejì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ibi tí a bá gé lè tẹ́jú, kí ara igi méjèèjì sì lè fẹnu kora láìsí àlàfo.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yá a, ó ní òun fẹ́ fi gé okùn àti ọ̀rá nínú oko kòkó òun lápá Ìdànrè. Mo sọ fún un pé kí ó má fi ṣe ohunkóhun mìíràn, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó dá a padà, ó ti wé e sínú ìwé ìròyìn, ó sì ní, “Mo tilẹ̀ ti bá ọ pọ́n ọn, ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìyá ìyàwó mi jókòó tì wá. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tú u. Ṣóńṣó rẹ̀ ti kán, ẹ̀rọ ni wọ́n fi lọ ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibi tó sún mọ́ ṣóńṣó náà ti yọ àwọ̀ aró, ọ̀dà funfun tó ti gbẹ sì wà níbi tí ó ti ń ká. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọ̀dà yẹn yóò mọ̀ pé ìdérí agolo ni wọ́n fi ọ̀bẹ náà ṣí.

Irin ni, irin a máa kán. Èyí tó ń dùn mí ni pé ó mọ̀ pé ó kán, ó gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti bá a bo àṣírí rẹ̀, ó sì wá gba ọpẹ́ mi lé e. Ní báyìí, ó tún ti ránṣẹ́ sí ìyàwó mi pé òun fẹ́ yá àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé ẹ̀ka. Ṣé ó yẹ kí n bi í léèrè ọ̀bẹ náà, tàbí kí n gbé e mì nítorí àna? Ǹjẹ́ ọ̀bẹ náà tilẹ̀ tún ṣeé tún ṣe?

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má gbé e mì o, nítorí pé ohun tí ẹ bá gbé mì lónìí ni yóò jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá pàdé níbi ìkómọ, níwájú gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ má rán ìyàwó yín. Bí òun bá sọ ọ́, yóò di pé ọkọ ló ń lo àbúrò láti bá ẹ̀gbọ́n wí, ìyá wọn yóò sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ mú ọ̀bẹ náà dání, kí ó sì jẹ́ ẹ̀yin méjì péré. Ẹ kí i bí ẹ ti máa ń kí i, kí ẹ ká ọ̀bẹ náà síta níwájú rẹ̀, kí ẹ sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe é?” Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́. Ẹni tó ní ojú tì kò ní jẹ́ kí ẹ sọ èyí tó kù.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì (Alágbàká, Àkúrẹ́)

Mo gba ti Ìyá Ìbejì lórí bí wọn yóò ṣe lọ, ṣùgbọ́n n kò gbà pé dídákẹ́ tó. Olùbéèrè sọ ohun tí wọ́n lè fi ọ̀bẹ náà ṣe kí ó tó fi sílẹ̀, àna rẹ̀ sì fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá yá nǹkan lórí àdéhùn, tó sì lò ó kọjá àdéhùn, ó jẹ gbèsè nǹkan náà, yálà àna ni tàbí àlejò. Ẹ bi í bí yóò ṣe san án. Ẹ̀rù àna tí à ń bà yìí ló ń jẹ́ kí àwọn kan sọ ilé ọkọ àbúrò wọn di ilé ìtajà tí a kì í ti í sanwó.

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n owó wo ni yóò san tí yóò di ọ̀bẹ tí ọ̀gá fi lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́? Bí ẹ bá ti dárúkọ owó, ọkùnrin yẹn yóò kà á síwájú yín, yóò sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, kò ní tọrọ àforíjì kankan. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ ra òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Oǹdó)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àna sílẹ̀ fún àwọn àgbà, kí n sì sọ ti irin, nítorí pé inú ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí.

Àwọ̀ aró tí ẹ rí yẹn ni ọ̀ràn náà gan-an. Bí a bá ti rọ ọ̀bẹ tán, a máa ń mú un gbóná, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú òróró tàbí omi kí ó lè le, ṣùgbọ́n líle yẹn máa ń pọ̀ débi pé díẹ̀ báyìí ni yóò fi ṣẹ́, nítorí náà a ó tún fi iná díẹ̀ yá a kí ó lè gbára. Iná kejì yìí kì í pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí láìsí omi lójú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ lè mú un gbóná kọjá ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí irú irin tó máa ń dógùn-ún, bíi tiyín yìí, bá gbóná dé nǹkan bí digiri 300 Celsius, àwọ̀ rẹ̀ á di aró, ibi tó sì ti yọ àwọ̀ náà ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ lè pọ́n ibẹ̀ kí ó mú láàárọ̀, yóò ti kú kí ẹ tó gé ogún ojú ẹ̀ka. Bí a bá ní kí a tún un fi iná ṣe látìbẹ̀rẹ̀, a ó ní láti tú èèkù igi yẹn. Ẹ má dán an wò.

Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí a fi ọwọ́ lọ ibi tó rọ̀ náà dànù lórí òkúta, títí a ó fi dé ibi tí irin ṣì le. Ọ̀bẹ náà yóò kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíki ojú ẹ̀ka bọ èèpo kò nílò ọ̀bẹ gígùn. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni yóò gba sùúrù jù, nítorí pé ẹ̀rọ ti bù ú jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, Àkúrẹ́)

Kí ọ̀bẹ náà tó wò sàn, ẹ lè máa fi abẹ tuntun ṣe é, ẹ̀yin tèmi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń lò nìyẹn. Kò rọ ọwọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ń gé mọ́lẹ̀ dáadáa, bí ó bá sì ti kú ẹ ó jù ú nù.

Olùbéèrè (Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, mo ní òkúta ìpọ́nbẹ kan nílé tó ní ojú méjì, ọ̀kan rí ṣákiṣàki, ọ̀kan kúnná. Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi, tàbí kí n gbé e wá sí Oǹdó?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (Oǹdó)

Ẹ lè ṣe é bí ẹ kò bá kánjú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú tó rí ṣákiṣàki, kí omi wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì máa bọ ọ̀bẹ sómi kí ó tó gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti pọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé dagun sórí òkúta. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ tẹ́ ẹ mọ́ òkúta pátápátá, ẹ má gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè rárá. Bí ẹ bá ti lọ ọ́ títí tí àwọ̀ aró kò fi sí mọ́, ẹ ṣì lọ díẹ̀ sí i, nítorí pé rírọ̀ náà máa ń kọjá ibi tí àwọ̀ mọ. Ojú tó kúnná ni yóò parí rẹ̀, kí ẹ sì nù ún lórí awọ. Bí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ bá ti jìn jù, ẹ má fi agbára mú un, ẹ gbé e wá.

Olùbéèrè (Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́)

Mo ti gbọ́. N ó lọ bá ẹ̀gbọ́n lóko ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọ̀bẹ náà nìkan. Olùkọ́, ẹ má bínú, n kò ní dárúkọ owó lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní ṣe bí ẹni pé kò jẹ gbèsè. Ní ti àlùmọ́gàjí, n kò ní yá a fún un. N ó mú un dání lọ, bí ó bá sì ní ẹ̀ka tó fẹ́ gé, èmi fúnra mi ni yóò bá a gé e.

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Kí ẹ sì mú un dání bọ̀ o.