Nígbà tí alásè Ìbàdàn jókòó jẹun nílé oúnjẹ olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti sọ ìrírí wọn nípa ilé oúnjẹ olówó ńlá, níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá ní ìpín-ìpín, ló fẹnu kò sí ibì kan: oúnjẹ bíńtín, owó gọbọi. N kò ní bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ohun tí mo rí nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ lọ sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Alásè ni ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ń gbé ìkòkò kaná níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ojú oníṣẹ́ ni wọ́n sì fi wo gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú wa. Èmi ìbá jẹun tán kí n dìde, bí kò bá ṣe pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tọ́ mi lábẹ́ tábìlì pé kí n wo èyí, kí n wo tọ̀hún.

Fún ẹni tí kò tíì dé irú ibẹ̀ rí, ètò wọn yàtọ̀ sí ti ilé oúnjẹ tí a mọ̀. Ọ̀gá alásè ti pinnu ohun tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò jẹ, ìpín méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn yóò máa gbé wá ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, díẹ̀díẹ̀ nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Tasting menu ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹ bá ń gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa bi yín bóyá ohun kan wà tí ara yín kò gbà, ẹ̀pà ni o, edé ni o, wàrà ni o, nítorí pé bí ẹ bá dé orí ìjókòó kí ẹ tó sọ ọ́, ó lè má sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Ẹ ó tún fi nọ́ńbà káàdì báǹkì yín sílẹ̀. Àwọn kan á gba owó oúnjẹ náà ṣáájú. Àwọn mìíràn kò ní gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá yọjú, tí ẹ kò sì tètè sọ fún wọn, wọ́n á yọ ọ́ láìbojúwẹ̀yìn.

Mo rò pé àìlèyan oúnjẹ yìí ni yóò bí ẹ̀gbọ́n mi nínú jù. Kò bí wọn nínú rárá. Wọ́n ní, "Àbúrò, níbo ni wọ́n ti ń bi àlejò léèrè ohun tó fẹ́ jẹ?" Wọ́n ní ìdí búkà nìkan ni èèyàn ti ń nawọ́ sí ìkòkò pé kí wọ́n fi ṣàkì kún un, kí wọ́n yọ pọ̀nmọ́ kúrò, níbi ìkómọ, ohun tí olóde bá sè ni àlejò yóò jẹ, tí yóò sì dúpẹ́. Mo ní àlejò ìkómọ kì í sanwó kó tó wọlé. Wọ́n ní kí ni mo wá pe aṣọ ẹbí. N kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ tó ń fi oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá irú ètò yìí ni a lọ, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò nísàlẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí irú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lókìkí ní Lọ́ńdọ̀nù. Jeremy Chan àti Iré Hassan-Odukale dá ilé oúnjẹ tí wọ́n pè ní Ikoyi sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2017. Ó ti gba méjì nínú ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ tí ìwé atọ́nà Michelin ń fún ilé oúnjẹ tó bá dáńtọ́, owó oúnjẹ rẹ̀ sì ti kọjá 300 pọ́ọ̀nùn fún ẹnì kan, láìka ohun mímu. Aji Akokomi dá Akoko sílẹ̀ ní àdúgbò Fitzrovia ní 2020. Ọdún yẹn kan náà ni Adejoké Bakare ṣí Chishuru ní àdúgbò Brixton, kó tó kó o lọ sí Fitzrovia ní 2023. Akoko àti Chishuru gba ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kejì ọdún 2024, Bakare sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Bìrìtéènì. Ní Èkó, Michael Elégbèdé, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ Eleven Madison Park ní New York, ní ilé oúnjẹ tirẹ̀ tó ń jẹ́ ÌTÀN. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọn kò tíì débẹ̀ ni. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé Michelin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ọkọ̀, ló ń fún alásè ní ìràwọ̀. Mo ṣàlàyé pé ìwé atọ́nà fún àwọn awakọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1900, pé ní 1926 ni ìràwọ̀ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ ta táyà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí àwọn èèyàn yóò fi máa rìnrìn àjò, oúnjẹ kò sì burú.

Àkàrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, pẹ̀lú ẹran akàn lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ akàn kúrò, wọ́n ya àkàrà sí méjì, wọ́n gbé e sún mọ́ iná àbẹ́là, wọ́n ní wọ́n bó ẹ̀wà náà mọ́, kò sí ojú ẹ̀wà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, wọ́n sì lù ú dáadáa kí wọ́n tó dín in. Ẹja ló tẹ̀ lé e, tí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa wá da ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lé lórí láti inú jọ́ọ̀gì kékeré. Wọ́n ti lọ ẹ̀gúsí yẹn, wọ́n ti sẹ́ ẹ, títí tí kò fi ní ìṣùpọ̀ kankan. Èmi gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbádùn rẹ̀, nítorí pé lójú tiwọn ìṣùpọ̀ ni ẹ̀gúsí, ẹni tó bá sì sẹ́ ẹ kúrò kàn fi wàhálà ra omi ọbẹ̀ ni.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbà fún wọn pátápátá ni búrẹ́dì. Búrẹ́dì gbígbóná ni, pẹ̀lú bọ́tà tí wọ́n pò mọ́ irú. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ra irú láti ọ̀dọ̀ ìyá kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n mọ̀ ọ́n láti orí sísè títí dé orí bíbó àti wíwé e mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó là, ṣùgbọ́n wọn kò rò ó rí pé ó lè jókòó lórí búrẹ́dì. Wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọmọbìnrin náà kò fi irọ́ bò ó. Ó lọ pe ọ̀kan nínú àwọn alásè, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì wá dúró tì wá, ó ní àwọn máa ń fi iná jẹ́jẹ́ gbẹ irú náà nínú ààrò, àwọn á lọ̀ ọ́ kúnná, kí àwọn tó lù ú mọ́ bọ́tà tó ti rọ̀. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ débi pé ìpín tó kàn tutù díẹ̀.

Lẹ́yìn ẹran ewúrẹ́ àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń rùn èéfín bíi ti ìdí ààrò àríyá ni ẹ̀gbọ́n mi ṣàkíyèsí ohun tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí òkèlè. Kò sí iyán, kò sí àmàlà, kò sí ẹ̀bà. Wọ́n ní bí òkèlè kan bá wọlé péré, ètò náà ti dàrú, nítorí pé kò sí ẹni tó máa jẹ iyán tí yóò tún rí àyè fún ìpín mẹ́rin mìíràn. Mo rò ó, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ ẹ má gba àwọn tó ń sọ pé ebi máa ń tẹ̀ lé èèyàn délé gbọ́. Bọ́tà, òróró, ẹran àti wákàtí bíi mẹ́ta lórí ìjókòó ti tó. Nígbà tí wọ́n gbé áísìkiriìmù aláataare dé, ìdajì ni ẹ̀gbọ́n mi lè jẹ.

Ní ti owó, ó lé ní 100 pọ́ọ̀nùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kí a tó mu ohunkóhun. Ibi tí a jókòó sí kọjú sí ibi ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi sì ń ka àwọn alásè: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá, wọ́n ń sè fún ẹni bí ọgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi àti obìnrin mẹ́jọ ló máa ń sè fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ní òde kan. Láti ìgbà yẹn ni wọn kò ti ráhùn owó mọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn ni a ń sanwó fún, kì í ṣe ẹja. Mo fi kún un fún wọn pé nínú gbogbo 120 pọ́ọ̀nùn tí èèyàn bá san fún oúnjẹ ní ilé oúnjẹ, 20 jẹ́ ti ìjọba, nítorí pé owó orí ọjà ti wà nínú iye tí wọ́n kọ. Lórí ìyẹn, wọ́n á fi ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Lórí 300 pọ́ọ̀nùn, 37.50 nìyẹn. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé kì í ṣe dandan, ẹ sì lè ní kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà àwa san án.

Ohun mímu ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá gba wáìnì tí wọ́n ti yàn mọ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, owó yín lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá bi yín bóyá omi tó ní afẹ́fẹ́ bíi ti ẹlẹ́rìndòdò tàbí èyí tí kò ní, ẹ ní omi ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́; ilé oúnjẹ tó bá ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá béèrè.

Ẹjọ́ mi kò pọ̀. Ata ibẹ̀ kò tó. A béèrè ata sí i, wọ́n ní kò sí. Wọ́n sì jẹ́ kí a jókòó pẹ́ jù láàárín ẹja àti ewúrẹ́, láìsọ ìdí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ ránṣẹ́ pé àkókò wa lórí tábìlì ní òpin.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè bóyá wọ́n lè fi owó ara wọn lọ. Wọ́n ní àwọn lè lọ lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí ló ní ti ọ̀sán, tí ìpín rẹ̀ kéré, tí owó rẹ̀ sì dín sí ti alẹ́ dáadáa, àwọn alásè kan náà ló sì wà nídìí iná.