Kànga ilé wa ń rùn, ta ni kí n lọ bá?

Ìyá Ìbejì, Mushin: Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbẹ́ ṣálángá ni wọ́n gbẹ́ kànga wa sí. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ. Àtìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ lomi rẹ̀ ti ń rùn. Táyé ti ń ṣu gbuuru láti àná. Lánlọ́ọ̀dù ní ká máa da álọ́ọ̀mù sí i.

Wolé-wolé Àná: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ ná. Ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi kan tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Tójú ẹ̀ bá ti jìn wọnú, ẹ má dúró, ilé ìwòsàn ni! Álọ́ọ̀mù á mú omi tòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn tán. Ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, ẹ béèrè àwọn wolé-wolé. Wọ́n á wá wò ó, wọ́n á fún lánlọ́ọ̀dù níwèé pẹ̀lú gbèdéke ọjọ́. Tí kò bá tún un ṣe, kóòtù ló kàn. Ó kéré tán, mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín kànga àti ṣálángá.

Àyìnkẹ́: Kí gbogbo ayálégbé jọ fọwọ́ síwèé ẹ̀sùn tẹ́ ẹ máa mú lọ o, kó má di ìjà ẹ̀yin nìkan.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ó ti mu kọ́ọ̀bù méjì. Bílẹ̀ bá ti mọ́, mo dé ọ̀dọ̀ wọn.