"Ẹ̀rọ aríran" kẹ̀? Rárá o, afura ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Àbúrò wa onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kánò ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń túmọ̀ ìwé ìlò àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yẹ ọjà wò, fún àwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìrẹsì, ó sì ní ká bá òun wo díẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n "ẹ̀rọ̀ aríran" tó kọ síbẹ̀ fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní sensor yẹn, mi ò lè gbé e mì.

Àmì ohùn ni kí n kọ́kọ́ mú. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ẹ̀rọ̀. Ẹ̀rọ̀ là ń tọrọ nígbà tí ọ̀ràn bá le. Ẹni tó bá kà á sókè bó ṣe wà yẹn, àwọn tó wà nítòsí á rò pé ètùtù kan ń bọ̀.

Ó wá ku aríran. Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́kọ́ja gbèjà rẹ̀, wọ́n ní ojú tó dáa ló ń ríran, kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ríran ò ṣe nǹkan kan. "A" tẹ́ ẹ fi síwájú rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Gbogbo wa la lè dá ohun ṣe, síbẹ̀ ta ló ń pe télọ̀ tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní adáhunṣe? Ọ̀rọ̀ náà ti lọ́kọ. Bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n fi aríran hàn yín ní Kubwa níbi tí mò ń gbé, ilé àdúrà ni wọ́n máa mú yín lọ. Ẹ̀gbọ́n tún ní "ran" inú aríran náà ló wà nínú àwòrán. Ẹ pè é kí n gbọ́! Àwòrán, ohùn òkè ló parí ẹ̀. Òǹwòran, ohùn àárín. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé à-wò-rántí ni àwòrán. Mi ò tíì gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn sàn ju kéèyàn máa da ohùn méjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé orúkọ náà ń purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ wo nǹkan roboto tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà lọ́fíìsì káàkiri Àbújá, èyí tó máa ń ké bí èéfín bá rú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ṣe ni èéfín ń dí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀, iná kékeré kan wà nínú ihò dúdú, ṣùgbọ́n wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibòmíràn kó má baà kan ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Inú òkùnkùn ni olùṣọ́ náà jókòó sí. Ìgbà tí èéfín bá wọlé ni ìmọ́lẹ̀ á kọlù ú, á fọ́n ká, díẹ̀ á sì ta bá olùṣọ́, òun náà á figbe ta. Ìran wo ló rí? Ó fura ni. Ìfura sì loògùn àgbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1873, Willoughby Smith, ará Ìlú Ọba tó ń ṣiṣẹ́ wáyà tẹligíráàfù abẹ́ òkun, jẹ́ káyé mọ̀ pé selenium, èròjà kan tó fi ń dán wáyà wò, kì í dúró sójú kan: bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, bí òkùnkùn bá bò ó, ó ń dí iná lọ́nà. Kò lójú, kò ní awò, kò ya àwòrán kankan. Ọdún 1969 ni Boyle àti Smith mìíràn ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tó gbé CCD kalẹ̀, ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán nínú kámẹ́rà, èyí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Látorí ìyẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ojú, mo lè gbọ́.

Mo gbà pé ẹ̀rọ ilé ìrẹsì ní kámẹ́rà. Ìrẹsì ń ṣàn wálẹ̀, kámẹ́rà ń wò ó bó ṣe ń já bọ́, hóró tó bá dúdú tàbí tó pọ́n, atẹ́gùn inú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ á fẹ́ ẹ dànù kó tó balẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn: fẹ́. Ìyá bàbá mi ní Ìsánlú, orí atẹ ni wọ́n ti ń fẹ́ tiwọn, wọ́n á sì tún fọwọ́ ṣà á. Orúkọ ẹ̀rọ yìí ò gba làálàá rárá: aṣàrẹsì. Ẹni tó sì ní àwa Okùn tá a dàgbà sí Kàdúná ò gbọ́ Yorùbá tó ẹni tó ń ṣòfin èdè, kó lọ bi àwọn àgbà Ìsánlú kó tó tún yanu.

Fún àwọn yòókù, afura. Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa fa afurasí yọ. Afurasí, àwa la fura sí i. Afura, òun fúnra rẹ̀ ló ń fura. "A" méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Ará Sábó tó ní bí òun bá sọ "afura" ní Kánò, wọ́n á ní kóun gbé nono wá, wàrà tí wọ́n fi ń mu fúrá, ẹ̀fẹ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n àwọn Haúsá tó pe kọ̀ǹpútà ní na'ura mai ƙwaƙwalwa, ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ, ṣé wọ́n kọ́kọ́ bi wá léèrè kí wọ́n tó sọ ọ́? "Amọ̀mọ́lẹ̀", èyí tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ mú wá ńkọ́? Amọ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kà.

Àbúrò, má tíì tẹ ìwé yẹn jáde. Afura mẹ́ta ló wà níbẹ̀: èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì kí ọjà tó gé e; èyí tí ohun tó ń dán bíi dígí ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà; àti èyí tó jẹ́ pé ara ọjà fúnra rẹ̀ ló ń dá a padà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lo pè ní aríran. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lóru, èwo ni òṣìṣẹ́ máa ní kí wọ́n gbé wá?