Wọ́n lẹ "Requires Improvement" mọ́ ògiri GP wa: ṣé kí n mú Màmá kúrò níbẹ̀?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ SE2
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ GP, ilé ìwòsàn àdúgbò wa, ni mo gbé wá. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ wa ní Abbey Wood, ní London, ni wọ́n ń gbé. Làkúrègbé ló ń bá wọn fínra lọ́wọ́ àti lórúnkún. Methotrexate ni wọ́n ń lò sí i, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì ń bẹ.

Ìgbà tí mo mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́ flu ni mo rí ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí ìkòkò òdòdó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀ (bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni, n ò mọ̀). CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ní England, ti yẹ ibẹ̀ wò, "Requires Improvement" (ó kù díẹ̀ káàtó) ni wọ́n fún wọn. Àyà mi já. Bẹ́ẹ̀ dókítà Màmá níbẹ̀ dáa gan-an. Ó máa ń dìde pàdé wọn, kì í kán wọn lójú, á sì dúró kí n túmọ̀ tán kó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn tó wà ní kàńtà lọ̀rọ̀ wọn ò ṣeé gbọ́. Téèyàn bá pè láago mẹ́jọ àárọ̀, orin ni wọ́n á máa fi sí i létí títí àyè ọjọ́ yẹn á fi kún. Kí ni àwọn CQC yìí tiẹ̀ ń wò? Ṣé kí n mú Màmá kúrò ni?

Bàbá Káyọ̀dé
Àbúrò, ẹ mú wọn kúrò níbẹ̀ lónìí. Kò sófin tó ní kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń lọ. GP tuntun lè béèrè ìwé ilé tàbí páṣípọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n kò lè torí pé ẹ ò mú un wá kó kọ̀ láti gba orúkọ yín. Kí ilé yín ṣáà wà ní agbègbè tí wọ́n ń mójú tó.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra ná. GP kan ní Kent ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá yẹ tiwa wò. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń gbé wá: ṣé ibẹ̀ ò léwu, ṣé ìtọ́jú yín ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ ń ṣe aláìsàn jẹ́jẹ́, ṣé ẹ ń dá wọn lóhùn lásìkò, ṣé ọ̀gá yín mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀. Dókítà Màmá lè dáa bẹ́ẹ̀ kí ìwé ara ògiri má dáa.

Lọ́dọ̀ tiwa, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni arábìnrin kan nínú wọn kọ́kọ́ béèrè. Ó ní kí n mú ìwé tá a ń kọ ìgbóná rẹ̀ sí wá. Kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 2°C lọ, kò gbọ́dọ̀ kọjá 8°C. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ, ó wá dúró lórí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí. "Ta ló wà níṣẹ́ lọ́jọ́ yìí?" Gbogbo wa dákẹ́. Ó bọ́ sídìí àpótí oògùn pàjáwìrì, ó ń yí ìgò kọ̀ọ̀kan wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ó wo ọ́síjìn, ó tún ní ká mú ìwé DBS àwọn òṣìṣẹ́ wá, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ sófin rí.

Ibi tó kan Màmá yín nìyí. Dókítà tó bá wọn ṣiṣẹ́ máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà GP, á ṣa gbogbo ẹni tó ń lo methotrexate jáde, á wá wo ẹni tí wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ìgbà pípẹ́. Oògùn yẹn lè ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun dín kù. Kódà ẹni tó ti mọ́ lára, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wá àwọn tó ń lo lithium (oògùn àìsàn ọpọlọ), àti alásímà tó ń gba sítẹ́rọ́ìdì léraléra. Ẹ lọ sórí ìkànnì CQC, ẹ ṣí ìjábọ̀ náà, ẹ wá orúkọ oògùn Màmá nínú ẹ̀. Àǹtí, ìgbà wo ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn kẹ́yìn?

Àkànní Plumstead
Ẹ wo ọjọ́ orí ìjábọ̀ náà pẹ̀lú o. Àwọn CQC náà jẹ tiwọn níyà ní 2024. Ìjọba ní kí Dókítà Penny Dash yẹ àwọn gan-an wò, ó sì rí i pé àwọn ibì kan wà tí wọn ò tún padà dé fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Good" tó ti gbó ń kọ mí lóminú ju "Requires Improvement" tuntun lọ. Ní ti fóònù, èsì GP Patient Survey lẹ máa wò. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi àwọn aláìsàn léèrè.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ SE2
Ẹ ṣeun o. Mo ti kà á. Fóònù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tún kọ ọ́ pé àwọn tó ń lo methotrexate wà tí àyẹ̀wò wọn ti kọjá àsìkò. Mo bi Màmá ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe ìgbà tí Tóyìn bímọ?" Ọmọ Tóyìn ti ń sáré kiri ilé!

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́
Háà! Ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ rí dókítà, ẹ sọ pé àyẹ̀wò methotrexate ló ti kọjá àsìkò, kí wọ́n gbé e fún apoògùn ibẹ̀. Kí Màmá má dá oògùn dúró fúnra wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn wọ́n, tí ibà bá mú wọn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dì sí wọn lára láìjẹ́ pé nǹkan gbá wọn, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, ẹ pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lórí ìlera. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ọ̀gá GP yẹn lẹ máa kọ̀wé sí. CQC á gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, àmọ́ wọn kì í bá ẹnì kan parí ẹjọ́.

Bàbá Káyọ̀dé
Èmi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ tán, kẹ́ ẹ mú wọn kúrò.