Ìbéèrè tí ọmọ kíláàsì mi bi mí nípa bàbá géètì

Ìyá Ìbejì, Àbújá:
Ẹ kú ilé o, ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ bá a ṣe ń kọ́ ọmọ láti ṣoore fáwọn aláìní. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń kọ́ CRK nílé ìwé Kátólíìkì kan níbí, gbogbo Lẹ́ńtì la máa ń ní káwọn ọmọ mú indomie, ọṣẹ, ìrẹsì wá, a ó kó o sínú bọ́ọ̀sì ó di Durumi lọ́dọ̀ àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno, a ó pín in, a ó ya fọ́tò, a ó padà. Mi ò ní kò dáa, ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àmọ́ lọ́dún tó kọjá mò ń kọ́ àwọn JSS3 nípa lẹ́tà tí Póòpù Leo 13 kọ ní 1891, Rerum Novarum, pé owó tí ọ̀gá ń san fún òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó o gbọ́ bùkátà, pé kì í ṣàánú, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Bí ọmọbìnrin kan ṣe nawọ́ nìyẹn: "Àǹtí, èló ni wọ́n ń san fún bàbá tó ń ṣí géètì fún wa?" Kíláàsì pa rọ́rọ́. Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́rin ni bàbá yìí ti ń fi Hausa kí mi "ina kwana" láràárọ̀, màá dáhùn, màá kọjá, mi ò mọ orúkọ ọmọ wọn kan ṣoṣo.

Mo lọ bá wọn nígbà tá a gba ìsinmi. Ẹ̀yin èèyàn mi, 35,000 náírà lóṣù ni, owó oṣù méjì ò sì tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 láti 2024. Nígbà míì wọ́n á sùn sídìí géètì kówó mọ́tò Mararaba má baà tán wọn lọ́wọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbà kí n sọ fáwọn ọmọ, àwọn ọmọ kọ lẹ́tà sáwọn aláṣẹ, wọn ò tọrọ nǹkan kan fún bàbá o, wọ́n ní kí wọ́n san gbèsè. Oṣù méjì yẹn wọlé lọ́sẹ̀ náà. Àwọn òbí kan bínú pé mò ń kọ́ ọmọ àwọn ní àfojúdi, mi ò gbà. Owó oṣù fúnra ẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, a ti ń kọ lẹ́tà kejì.

Ará Kàdúná:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul lèmi wà, ẹgbẹ́ Kátólíìkì tó ń ran aláìní lọ́wọ́, ọmọ ogún ọdún péré ni Frédéric Ozanam nígbà tóun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Paris ní 1833, ilé àwọn aláìní gan-an ni wọ́n máa ń lọ. A kó àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ sílé opó kan, wọ́n gbé ìrẹsì dání, màmá ní ká jókòó, wọ́n bu kunu fún wa. Ọmọkùnrin kan ò gbà, ó ní kí wọ́n fi pamọ́ fáwọn ọmọ wọn. Màmá wò ó, wọ́n ní: "Ṣé ẹ̀yin nìkan ló lè fúnni ni?"

Ó gbà á, ó mu ún tán, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.